Ẹ̀yìn Ọkọ̀ Ló Kọ́kọ́ Dé Orí Òkè

Ta ló yí ọkọ̀ náà padà lọ́jọ́ yẹn, Ọlọ́run ni, àbí ọwọ́ obìnrin náà? Ẹni tó ń kọ èyí ti bi ara rẹ̀ léèrè lórí ìjókòó ṣọ́ọ̀ṣì, ó ti bi ara rẹ̀ níbi tó ti ń fọ abọ́, kò tíì rí èsì tí ọkàn rẹ̀ lè balẹ̀ sí. Ó gbà pé Ọlọ́run ń gbọ́ àdúrà, kò sì ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gba ìyẹn lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ọdún méjì sẹ́yìn, lórí ọ̀nà kan náà, awakọ̀ mìíràn tó jẹ́ alàgbà nínú ìjọ, tó gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta kó tó gbéra, já sí ọ̀gbun ní kọ́nà kẹrìndínlógún, a kò sì rí i bá sọ̀rọ̀ mọ́. Obìnrin tí ìtàn yìí jẹ́ tirẹ̀ kò gbààwẹ̀ kankan. Tíì ló mu, ó fi búrẹ́dì sí i, ó gun ọkọ̀, ó lọ. Ẹ jẹ́ ká fi ìbéèrè náà sílẹ̀ níbẹ̀ ná, ká sọ̀rọ̀ obìnrin náà.

Màmá Jẹ́jẹ́ ni gbogbo gáréèjì ń pè é. Wọn kò fi yìn ín o, yẹ̀yẹ́ ni wọ́n fi ń ṣe. Ọdún mọ́kàndínlógún ló fi wa bọ́ọ̀sì ilé-ìwé ní ìsàlẹ̀ ìlú, níbi tí ilẹ̀ ti tẹ́ pẹrẹsẹ, kò sì fi bọ́ọ̀sì náà ha ògiri rí. Jẹ́jẹ́ ló ń lọ, jẹ́jẹ́ ló ń bọ̀. Àwọn ọmọ tó kọ́kọ́ gbé lọ síléèwé ti di ìyá ọmọ àti bàbá ọmọ, wọ́n á mú ọmọ tiwọn wá sẹ́nu ọ̀nà bọ́ọ̀sì, wọ́n á ní, "Háà, Màmá, ẹ ṣì wà lẹ́nu ẹ̀!" Tí awakọ̀ mìíràn bá há sẹ́yìn rẹ̀ lójú ọ̀nà tóóró, á tẹ fèrè títí ọwọ́ á fi máa ro ó. Màmá á na ọwọ́ síta láti ojú fèrèsé, á jù ú bí ẹni ń lé eṣinṣin, kò ní fi ìṣísẹ̀ kan kún eré rẹ̀.

Ọkọ rẹ̀ ló ti ń wa ọ̀nà òkè. Ọdún méjìlélógún ni bàbá náà fi ń gbé lọ́rì ọ́fíìsì ìrìnnà gun òkè yẹn, tó ń kó ìwé àti àga lọ sí ilé-ìwé tó wà ní ṣóńṣó, tó ń kó bẹ́ẹ̀dì àti oògùn lọ sí ilé ìwòsàn ibẹ̀. Ọ̀gá Òkè ni wọ́n ń pè é. Nígbà tó yá, ojú rẹ̀ méjèèjì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣókùnkùn láti ẹ̀gbẹ́ wá sí àárín, dókítà sì sọ fún un pé òpin wíwa ọkọ̀ ti dé. Alàgbà gba ọ̀nà náà lẹ́yìn rẹ̀. Lẹ́yìn tí Alàgbà já sí ọ̀gbun, kò sí awakọ̀ lọ́rì kan ní ọ́fíìsì tó fẹ́ gbọ́ orúkọ ọ̀nà yẹn mọ́. Ọkọ̀ àyálò láti ìlú kejì ló ń bá wọn gbé ẹrù lọ, nígbà tó bá sì wu awakọ̀ ibẹ̀ ni.

Ìgbà yẹn ni ọ́fíìsì gba bọ́ọ̀sì lọ́wọ́ Màmá Jẹ́jẹ́. Wọ́n ní ọjọ́ orí rẹ̀ ti di mẹ́tàléláàádọ́ta, kó wá máa jókòó sí ẹnu géètì, kó máa gbé irin ìdábùú sókè fún ọkọ̀ tó ń wọlé, kó máa sọ ọ́ kalẹ̀. Màmá gbọ́, ó dúpẹ́, ó lọ sílé, ó kọ lẹ́tà pé òun fẹ́ wa ọ̀nà òkè.

Ẹ̀rín pa wọ́n ní ọ́fíìsì. Nígbà tí wọ́n rẹ́rìn-ín tán, wọ́n rí i pé kò sí lẹ́tà mìíràn lórí tábìlì. Ọ̀gá àgbà wá ṣe àdéhùn fún un: ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n máa dán an wò. Kó kó dígí fèrèsé mẹ́rìnlélógójì lọ sí ilé-ìwé orí òkè kí òjò tó bẹ̀rẹ̀. Bí ọkọ̀ bá dé ṣóńṣó lórí ẹ́ńjìnì ara rẹ̀, kọ́kọ́rọ́ ọ̀nà òkè di tirẹ̀. Bí wọ́n bá fi okùn fà á, lọ ni o, bọ̀ ni o, ẹnu géètì ló kù.

Ó mú ọ̀rọ̀ náà délé. Ọkọ rẹ̀ jókòó sídìí tábìlì ní ilé ìdáná, ó ń fọwọ́ tọ́ etí kọ́ọ̀pù rẹ̀ kó tó gbé e.

"Ìyá wọn, ọ̀nà yẹn kì í ṣe ọ̀nà bọ́ọ̀sì o."

"Mo mọ̀. Ọ̀nà lọ́rì ni. Ẹ wá kọ́ mi."

"Kí n fi kí ni kọ́ ẹ? Ojú dà?"

"Ẹ fi ẹnu kọ́ mi. Ẹnu yín le dáadáa, ọdún kọkàndínlọ́gbọ̀n rèé tí mo ti ń gbọ́ ọ."

Bàbá rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kò rín láti ìgbà tó ti jókòó sílé. Ó fọwọ́ wá agolo ṣíbí lẹ́gbẹ̀ẹ́ síńkì, ó dà á sórí tábìlì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í to ṣíbí ní ìkọ̀ọ̀kan. Ṣíbí kan, kọ́nà kan. Nígbà tí ṣíbí tán, ó lo fọ́ọ̀kì. Kọ́nà mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ló wà níbẹ̀, àwọn awakọ̀ sì ti sọ èyí tó le nínú wọn lórúkọ. Ìgbọ̀nwọ́ ni ìkẹrin. Abẹ́rẹ́ ni ìkọkànlá, nítorí pé ojú rẹ̀ kò gbà ju ọkọ̀ kan lọ. Má-Wo-Ìsàlẹ̀ ni ìkẹrìndínlógún. Lẹ́yìn ìkẹrìnlélógún, ilẹ̀ pẹrẹsẹ kan wà tí wọ́n ń pè ní Pẹpẹlẹ, níbi tí lọ́rì ti lè yí. Lẹ́yìn Pẹpẹlẹ, Àkàbà ló kù: kọ́nà mẹ́ta, gbogbo rẹ̀ dúró gan-an bí ẹni tí wọ́n fi ẹ̀yìn rẹ̀ ti ògiri.

"Ní Àkàbà, ojú sánmọ̀ nìkan lo máa rí nínú dígí iwájú," ni bàbá wí. "O ò ní rí ọ̀nà. Má bẹ̀rù. Ọ̀nà wà níbẹ̀."

Ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n fi to ṣíbí. Bàbá sọ ibi tí wọ́n ti ń yí gíà, ó sọ ibi tí òkúta ti máa ń yẹ̀, ó sọ bí búrẹ́ẹ̀kì ṣe máa ń rùn kó tó gbóná jù. Ohun kan ṣoṣo ni kò sọ, nítorí kò wá sí i lọ́kàn rí láti ọdún tó ti ń wakọ̀.

Màmá Jẹ́jẹ́ jẹ́ ẹni tó máa ń ro ìwọ̀n ẹrù. Ní ìsàlẹ̀ ìlú, gbogbo awakọ̀ mọ̀ pé bí ẹrù bá wúwo, nǹkan mìíràn ni wọ́n ń bù kúrò. Dígí mẹ́rìnlélógójì, pẹ̀lú igi tí wọ́n fi dè wọ́n ní ìdúró àti fóòmù tó wà láàárín wọn, wúwo. Ní ọjọ́ tó ṣáájú ìrìn àjò náà, ó tú ìjókòó ẹ̀yìn kúrò, ó yọ àpótí irin tí kò wúlò, ó sì ní kí wọ́n fa epo inú táńkì títí tó fi ku díẹ̀ kó tó ìdajì. Epo tó kù yóò lọ, yóò bọ̀, yóò tún ṣẹ́kù. Ọkọ̀ fúyẹ́, inú rẹ̀ dùn. Àṣìṣe tó tóbi jù lọ tó ṣe nínú iṣẹ́ ọkọ̀ wíwà nìyẹn, orin ló sì ń kọ lábẹ́ ahọ́n nígbà tó ń ṣe é.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà, ọ́fíìsì fi ọkùnrin kan sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ láti ṣe ẹlẹ́rìí. Ọ̀gá Ayẹ̀wò ni wọ́n ń pè é, ẹni bí ogójì ọdún, ṣẹ́ẹ̀tì funfun, fáìlì lábẹ́ abíyá. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa yẹ ọkọ̀ àwọn ẹlòmíràn wò. Kò gun òkè yẹn rí.

"Màmá, ṣé bẹ́líìtì yìí lágbára ṣá?"

"Ó lágbára, Ọ̀gá. Ilẹ̀kùn ni kò fi bẹ́ẹ̀ lágbára. Ẹ má fara tì í."

Ọ̀gá Ayẹ̀wò sún kúrò nídìí ilẹ̀kùn. Ó sún títí.

"Ọ̀gá, orí gíà lẹ fẹ́ jókòó lé yẹn."

Wọ́n gbéra. Ìgbọ̀nwọ́ kọjá, Màmá tẹ fèrè kó tó wọ̀ ọ́, ó tẹ fèrè nígbà tó jáde. Ilé ìsàlẹ̀ di páálí ìṣáná. Ní kọ́nà kẹjọ, Ọ̀gá Ayẹ̀wò ti pa fáìlì dé. Ní ìkẹsàn-án, ó ń ké pe Jésù lóhùn rara bí ẹni tí ń pe ọkọ̀ tó fẹ́ fi í sílẹ̀ lọ. Màmá ń ka ṣíbí lọ́kàn.

Nínú Abẹ́rẹ́ ni bọ́ọ̀sì kékeré kan ti ń bọ̀ láti òkè, wọ́n sì pàdé níwájú ara wọn, ojú kan ojú. Awakọ̀ bọ́ọ̀sì yọrí síta.

"Màmá Jẹ́jẹ́! Ẹ̀yin ni mo rí yìí, àbí àlá ni mò ń lá? Ta ló gbé yín wá síbí?"

"Ara mi ni mo gbé wá. Fà á sẹ́yìn, ọmọ mi. Ẹni tó ń gòkè ló lọ̀nà."

"Ẹ̀yìn mi le o, Màmá! Òkè gan-an ni!"

"Ọwọ́ tó o fi máa ń tẹ fèrè mọ́ mi nísàlẹ̀, òun náà ni kó o fi fà á."

Awakọ̀ bọ́ọ̀sì fi ẹ̀rín gbà fún un. Òfin ọ̀nà náà ni, kò sẹ́ni tí í bá a jiyàn. Ó ki rìfáàsì bọ̀ ọ́, bọ́ọ̀sì sì fi ìdí gòkè lọ, ó ń kùn wúùù láìdúró, títí ó fi dé ibi tó gbòòrò. Bí Màmá ṣe ń kọjá lára rẹ̀, ọmọkùnrin náà ní òun ìbá ti sọ̀kalẹ̀ láti aago mẹ́fà, oorun ló gbé òun lọ. Ẹni tó ń kọ èyí ti ro oorun yẹn wò lọ́pọ̀ ìgbà.

Wọ́n dé Má-Wo-Ìsàlẹ̀. Irin tí wọ́n fi dí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà níbẹ̀ ṣì tuntun ju ti ibòmíràn lọ.

"Ṣé ibí ni Alàgbà ti..." ni Ọ̀gá Ayẹ̀wò bẹ̀rẹ̀.

"Iwájú ni kẹ́ ẹ wò, Ọ̀gá."

Táyà ọ̀tún kọjá ní ìwọ̀n ìbú àtẹ́lẹwọ́ méjì sí etí ọ̀gbun. Dígí kan kò dún lẹ́yìn. Màmá Jẹ́jẹ́ ń lọ jẹ́jẹ́, ó sì yé Ọ̀gá Ayẹ̀wò lọ́jọ́ náà pé jẹ́jẹ́ kì í ṣe ọ̀lẹ.

Pẹpẹlẹ. Lẹ́yìn rẹ̀, Àkàbà. Màmá ki gíà àkọ́kọ́ bọ̀ ọ́, imú lọ́rì gbé sókè, ọ̀nà pòórá nínú dígí iwájú, ó ku sánmọ̀ nìkan, bí bàbá ti wí. Wọ́n gùn ún tó ìwọ̀n ìdajì pápá bọ́ọ̀lù. Ẹ́ńjìnì húkọ́ lẹ́ẹ̀kan. Ó húkọ́ lẹ́ẹ̀kejì. Ó kú.

Màmá fi ẹsẹ̀ méjèèjì tẹ búrẹ́ẹ̀kì. Lọ́rì yọ̀ díẹ̀ sẹ́yìn, ó dúró.

"Ọ̀gá, igi ńlá kan wà lábẹ́ ẹsẹ̀ yín. Ẹ gbé e, ẹ bọ́ sílẹ̀, ẹ fi há ẹ̀yìn táyà."

"Èmi?"

"Àwa méjì la wà níbí, ẹsẹ̀ mi kò sì lè kúrò níbi tó wà. Ẹ wo ẹni tó kù."

Ọ̀gá Ayẹ̀wò bọ́ sílẹ̀, ó fi igi há táyà. Bó ti há a tán, ó di ara igi kan tó hù lẹ́bàá ọ̀nà mú, kò fẹ́ fi í sílẹ̀ mọ́.

"Màmá, ẹ jẹ́ n pe ọ́fíìsì. Wọ́n á rán ọkọ̀ wá fà wá."

"Bí wọ́n bá fà wá, ẹnu géètì ni mò ń lọ láti ọ̀la títí màá fi fẹ̀yìn tì. Ẹ fún mi ní àkókò díẹ̀."

Ó fi orí lé ọwọ́ ọkọ̀, ó gbàdúrà. Ẹni tó ń kọ èyí bi í lẹ́yìn náà pé kí ló gbọ́. Ó fẹ́ kó sọ pé òun gbọ́ ohùn kan, kí ọ̀rọ̀ lè parí. Màmá ronú dáadáa kó tó fèsì. Ó ní, "Mi ò fẹ́ parọ́ mọ́ Ọlọ́run. Ẹ́ńjìnì tó ń tutù ni mo gbọ́. Ó ń dún tíntín, tíntín."

Nígbà tí kò gbọ́ nǹkan mìíràn, ó bọ́ sílẹ̀, ó sì wọ abẹ́ ọkọ̀. Epo kò jò. Wáyà kò já. Ó fi ìka kan ìdí táńkì epo láti iwájú, ó dún gbàn-gbàn bí agolo òfìfo. Ó kàn án lẹ́yìn, ó dún kíki bí garawa tó kún. Ó tún kan iwájú. Ó tún kan ẹ̀yìn. Ó wá dùbúlẹ̀ síbẹ̀ lórí òkúta, ó ń wo táńkì náà bí ẹni tí ọmọ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ́wọ́ fún.

Iwájú táńkì ni páìpù tó ń fa epo lọ sínú ẹ́ńjìnì wà. Imú ọkọ̀ ga, epo sì ti ṣàn lọ sẹ́yìn pátápátá. Bí táńkì bá kún, kò sí wàhálà, epo á dé ibi gbogbo. Ọkọ rẹ̀ kì í gbé táńkì tí kò kún kúrò nílé rárá, nítorí náà kò mọ̀ pé ó yẹ kóun sọ ọ́. Òun fúnra rẹ̀, pẹ̀lú ọgbọ́n ìsàlẹ̀ ìlú, ló bu epo kúrò.

"Ẹ̀bi mi ni," ló wí láti abẹ́ ọkọ̀. "Ọ̀gá, ẹ wá gbọ́, ẹ̀bi èmi gan-an ni!"

"Kí ló wá ń pa yín lẹ́rìn-ín níbẹ̀?"

Nítorí ẹ̀rín ló ń rín lóòótọ́. Ó ti rántí bọ́ọ̀sì kékeré inú Abẹ́rẹ́, bó ṣe fi ìdí gòkè tí kò húkọ́ lẹ́ẹ̀kan. Bí ìdí ọkọ̀ bá ga, iwájú ni epo máa ṣàn sí.

Ó jáde, ó gbọn eruku aṣọ rẹ̀. "A máa fi ẹ̀yìn gùn ún."

Ọ̀gá Ayẹ̀wò wò ó. Ó wo Àkàbà. Ó wo ọ̀gbun. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, mo ní ìyàwó nílé."

"Èmi náà ní ọkọ. Ẹ mú ìwé àdéhùn jáde, kẹ́ ẹ kà á fún mi."

Ó tú fáìlì, ó kà á sókè: "Ọkọ̀ gbọ́dọ̀ dé ṣóńṣó lórí ẹ́ńjìnì ara rẹ̀, láìsí pé ọkọ̀ mìíràn fà á." Ó yí ìwé náà wo ẹ̀yìn bóyá nǹkan mìíràn wà níbẹ̀. Kò sí.

"Ṣé wọ́n sọ̀rọ̀ iwájú níbẹ̀?"

"Wọn ò sọ ọ́."

"Wọ́n sọ̀rọ̀ ẹ̀yìn?"

"Màmá, ẹ ti borí. Ẹ jẹ́ ká máa lọ kí n tó yí ọkàn padà."

Wọ́n kọ́kọ́ ní láti padà sí Pẹpẹlẹ. Màmá á fi búrẹ́ẹ̀kì sọ lọ́rì kalẹ̀ ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà kan, á dúró, Ọ̀gá Ayẹ̀wò á tún igi há, á yọ ọ́, á sáré, á tún há a. Nígbà tí ilẹ̀ tẹ́ tán, ẹ́ńjìnì gbà ní ìgbà kẹta tó yí kọ́kọ́rọ́, bí ẹni pé kò ṣe nǹkan kan rí. Ó wá yí lọ́rì náà lórí Pẹpẹlẹ: iwájú díẹ̀, ẹ̀yìn díẹ̀, ìgbà mọ́kànlá, ìdí lọ́rì ń yọ jáde sórí ọ̀gbun, Ọ̀gá Ayẹ̀wò ń pariwo "Ó tó! Ó tó! Mo ní ó tó!" títí ohùn rẹ̀ fi ha. Nígbà tí imú ọkọ̀ kọjú sí ìsàlẹ̀, gbogbo ayé là sílẹ̀ níwájú Màmá, odò bí okùn, ìlú bí èérún búrẹ́dì. Ó yí ojú kúrò, ó gbé e sínú dígí ẹ̀gbẹ́, ó ki rìfáàsì bọ̀ ọ́.

"Ó yá, Ọ̀gá. Ẹ máa pè mí."

"Wá! Wá! Máa bọ̀! Ọ̀tún yín! Ọ̀tún yín kejì! Gé e! Wá!"

Ìdí lọ́rì gbé sókè. Ẹ́ńjìnì kùn, ó kùn, kò húkọ́. Ọrùn Màmá yí bí ẹni tí wọ́n pè láti ẹ̀yìn tí kò sì lè wo iwájú mọ́. Ọ̀gá Ayẹ̀wò kọjú sí ọkọ̀ kó lè máa darí rẹ̀, nítorí náà òun pẹ̀lú ń fi ẹ̀yìn gòkè, fáìlì lọ́wọ́ kan, ọwọ́ kejì ń pè.

"Ọ̀gá, ẹ wo ẹ̀yìn yín! Òkúta!"

"Ẹ fi tèmi sílẹ̀, ẹ wo tiyín! Wá! Wá!"

Kọ́nà kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Táyà ẹ̀yìn tẹ òkúta wẹ́wẹ́, ó ta wọ́n sí ọ̀gbun, wọn kò gbọ́ ìró ibi tí wọ́n bọ́ sí. Ìkẹrìndínlọ́gbọ̀n. Níbẹ̀ ni Ọ̀gá Ayẹ̀wò gbàgbé pé ẹ̀rù ń ba òun. Ó dúró sí etí ibi tí kò ní jẹ́ dúró sí ní òwúrọ̀, ó na ọwọ́ síwájú bí ẹni ń pe ọmọ tó ń kọ́ ìrìn, ó ń kígbe pé, "Màmá Jẹ́jẹ́, máa bọ̀! Màmá mi, máa bọ̀! Ó ku ẹyọ kan!"

Àwọn ọmọ ilé-ìwé wà níta ní àkókò ìsinmi nígbà tí wọ́n rí ìdí lọ́rì kan tó yọ láti etí òkè. Ìdí ló kọ́kọ́ yọ, lẹ́yìn náà ẹrù, ọkùnrin kan sì ń fi ẹ̀yìn rìn níwájú wọn, ó di eruku láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀, ó ń fò sókè, ó ń pa àtẹ́wọ́ ní òun nìkan. Àwọn ọmọ náà bá a pa á, wọn kò tiẹ̀ mọ ìdí rẹ̀. Imú ọkọ̀ ló dé gbẹ̀yìn. Màmá pa ẹ́ńjìnì.

Olùkọ́ àgbà jáde láti inú kíláàsì. "Ẹ káàbọ̀ o, Màmá. Kí ló dé tẹ́ ẹ fi kẹ̀yìn sí wa báyìí?"

"Kó lè rọrùn láti já ẹrù sílẹ̀ ni," ni Màmá Jẹ́jẹ́ fèsì, ojú rẹ̀ gbẹ, bí ẹni pé ojoojúmọ́ ló ń ṣe é.

Wọ́n tú fóòmù. Wọ́n ka dígí náà lẹ́ẹ̀méjì. Mẹ́rìnlélógójì, kò sí èyí tó sán, kò sí èyí tó ha. Màmá gbé ọ̀kan fúnra rẹ̀ lọ sójú fèrèsé, ó gbé e wọ inú férémù, ó sì fi ìgbọ̀nwọ́ nu ojú rẹ̀. Ibẹ̀ ló ti rí ìsàlẹ̀ dáadáa fún ìgbà àkọ́kọ́: gbogbo ọ̀nà náà, ṣíbí lẹ́yìn ṣíbí, títí dé ilẹ̀. Ó fi ọwọ́ lé ìbàdí. Ó pariwo "Yéè!" ẹ̀ẹ̀kan péré, tó lágbára tó bẹ́ẹ̀ tí òkè kejì fi dá a lóhùn, tí Ọ̀gá Ayẹ̀wò sì jábọ́ lórí bẹ́ǹṣì tó jókòó sí.

Ọ̀gá Ayẹ̀wò kọ ọ́ sínú fáìlì pé ọkọ̀ dé, ẹ́ńjìnì ara rẹ̀ ló gbé e dé, kò sì fi kún un. Ní ọjọ́ kejì, ọ̀gá àgbà gbé kọ́kọ́rọ́ fún Màmá níwájú gbogbo gáréèjì. Awakọ̀ bọ́ọ̀sì kékeré náà wà níbẹ̀, òun ló kọ́kọ́ tẹ fèrè, àwọn tó kù sì tẹ tiwọn, ariwo náà pọ̀ débi pé àwọn ará àdúgbò yọrí láti ojú fèrèsé. Wọ́n ṣì ń pè é ní Màmá Jẹ́jẹ́. Ohùn tí wọ́n fi ń pè é ló yí padà.

Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, wọ́n ní kó jẹ́rìí ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ó dìde, ó ní, "Mo dúpẹ́. Mo dé, mo sì bọ̀," ó jókòó. Opó Alàgbà wà ní ìjókòó iwájú. Ẹni tó ń kọ èyí rí i pé ibẹ̀ ni Màmá ń wò nígbà tó gé ọ̀rọ̀ kúrú, ó sì fẹ́ràn rẹ̀ sí i. Ó kọrin ọpẹ́ pẹ̀lú àwọn tó kù. Ó kọ ọ́ tọkàntọkàn, ìbéèrè rẹ̀ sì jókòó tì í títí wọ́n fi ṣe oore-ọ̀fẹ́.

Oṣù mẹ́ta nìyí tí Màmá Jẹ́jẹ́ ti ń gun òkè náà ní ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Nígbà tí ẹni tó ń kọ èyí wá gbọ́ ìtàn náà láti ẹnu rẹ̀, orí àga méjì ni wọ́n jókòó sí ní ẹ̀yìnkùlé, Màmá sì ń rẹ ohùn sílẹ̀, nítorí ọkọ rẹ̀ wà nínú ilé, rédíò rẹ̀ ń sọ̀rọ̀.

"Ẹ ti kọ ọ́ tán?"

"Ó ku díẹ̀, Màmá."

"Ó dáa. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ ṣe nǹkan kan fún mi. Bàbá wọn fẹ́ gun òkè yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i. Kò sọ fún mi o. Ṣùgbọ́n lálaalẹ́ ló ń bi mí, 'Báwo ni Ìgbọ̀nwọ́? Ṣé omi ṣì ń jáde lára òkúta ní ìkẹtàlá?' Ojú rẹ̀ kò ní pẹ́ kú tán. Mo ní kó jẹ́ ká jọ lọ. Ó ní kí ni òun fẹ́ máa ṣe nínú ọkọ̀ obìnrin bí ẹrù. Bẹ́ ẹ bá sì rí i, ọkàn rẹ̀ ń fà sí i ni."

"Kí ni kí n wá ṣe?"

"Ẹ wọlé lọ bá a. Ẹ sọ fún un pé ẹ fẹ́ bá mi lọ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, pé ẹ̀rù ń bà yín, pé bí kò bá sí ẹni tó mọ ọ̀nà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, ẹ ò ní lè lọ. Ẹ bẹ̀ ẹ́ kó sìn yín. Kò ní kọ̀ fún yín."

"Màmá, ṣé ẹ fẹ́ kí n lọ parọ́ fún bàbá nínú ilé rẹ̀ ni?"

Ó wo ẹni tó ń kọ èyí láti orí dé ẹsẹ̀. "Ṣé ẹ̀rù ò bà yín ni?"

"Ó ń bà mí."

"Ẹ wá dìde, ẹ lọ sọ ọ́ fún un bẹ́ẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́. Ilẹ̀kùn ò tì."